Àwọn Tí Kì Í Jókòó

Obìnrin mẹ́fà ni wá. Bí a bá yọ ní ìkóríta, aṣọ funfun lára, gèlè funfun lórí, àwọn tó jókòó síwájú ilé á kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó rántí ohun tó gbàgbé sórí iná. Màá máa gbọ́ ìró fèrèsé: gbàm, gbàm, gbàm. Wọ́n ń tì í. Kì í ṣe olè ni wọ́n rí o. Àwa ni wọ́n rí, àwa ẹgbẹ́ agbani-níyànjú inú ìjọ, tí à ń lọ kí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

Ìwọ ọmọ ọmọ mi, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Má bá mi tún un ṣe. Bí mo bá sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, ó nídìí.

Nígbà tí mò ń wí yìí, kò tíì pẹ́ tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún lójú títì. Àwa àgbà ṣì máa ń wo òdìkejì kí a tó sọdá. Mushin ni mò ń gbé. Láti ẹ̀bá Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkọ mi ti mú mi wá sí Èkó, iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni mo sì rí ṣe. Mo máa ń gba aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn tíṣà ní Surulere títí dé Yaba, màá fọ̀ ọ́, màá fi sítáàṣì sí i, màá fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́, màá gbé e padà fún wọn. N ò mọ ìwé kà. Ṣùgbọ́n fi aṣọ lé mi lọ́wọ́, màá sọ irú ọ̀sẹ̀ tí ẹni tó wọ̀ ọ́ lò fún ọ. Mo mọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń dààmú. Mo mọ aṣọ ìrọ̀rí ẹni tó ń sunkún. Ẹnu lè parọ́. Aṣọ ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á.

Ohun tó mú kí wọ́n gbà mí sínú ẹgbẹ́ náà ni pé ọ̀rọ̀ kì í bọ́ lórí mi. Kọ orin fún mi lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọlé nìyẹn. Àwọn tó mọ̀wé á ṣì máa ṣí ìwé lójú aláìsàn, wọ́n á máa wá ojú ewé, èmi á ti dá orin. Ìyá Ẹgbẹ́ wa fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀. Opó ni Ìyá Ẹgbẹ́, ó ga, ó gbẹ, ohùn rẹ̀ sì le bí ọwọ̀ tuntun. Òun ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, òun ló sì fi òfin kan lélẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rú: a kì í jókòó nílé aláìsàn. A óò dúró lẹ́nu ọ̀nà, a óò kọ orin kan, a óò wọlé. Ẹnì kan á sọ̀rọ̀ ìyànjú, ẹnì kan á gbàdúrà, a óò sì kọrin jáde. A kì í gba omi. A kì í gba àga.

Òfin náà nídìí o. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, àwọn ará ìjọ wá tù ú nínú, wọ́n sì jókòó.

"Wọ́n tù mí nínú títí gàrí fi tán nílé," bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. "Bí ẹnì kan bá dìde, ẹlòmíì á jókòó. Àwọn ọmọ mi á máa wo ẹnu wọn. Mo wá jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ọjọ́ tí mo bá di olùtùnú, n ò ní fi ìdí kan àga ẹni tí wàhálà bá."

Ta ló fẹ́ ta ko irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Àánú ló bí òfin yẹn. Àánú náà ló sì fọ́ wa lójú.

Ẹni àkọ́kọ́ tó kú nínú àwọn tí a bẹ̀ wò lọ́dún yẹn, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bàbá aránṣọ kan ni, ó ti darúgbó. A kọrin fún un ní Ọjọ́rú, ó sùn ní ọjọ́ Ẹtì. A ní, "Ẹ ṣá rí i, orin ló gbọ́ kẹ́yìn." Èkejì ni òṣìṣẹ́ rélùwéè kan tó ń gbé lápá Ijora, ọkùnrin tó ṣì lè gbé àpò ìrẹsì lọ́wọ́ kan. Inú ló ní ó ń run òun. Èmi ni mo sọ̀rọ̀ ìyànjú lọ́jọ́ náà. Mo ní kó má fòyà, kò ní ṣubú. Ọjọ́ kẹta, ó ṣubú lójú ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìyàwó tíṣà kan ní Yaba. Ìyẹn fi ẹ̀rín pàdé wa. Ó fẹ́ fa àga fún wa, Ìyá Ẹgbẹ́ juwọ́ sí i pé kó fi sílẹ̀. A bi í pé ara ńkọ́, ó ní, "A dúpẹ́, ó ti ń fúyẹ́." Nígbà tí a ń kọ orin ìjáde, mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i tó na ọwọ́ sí wa díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ṣùgbọ́n orin ti ń lọ. Ta ló máa ń dá orin ìjáde dúró? Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, wọ́n ti sin ín.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan wà ní Àgùdà tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata níwájú ilé, Ìyá Ẹlẹ́rọ la máa ń pè é. Kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ata tó ń lọ̀. Ọjọ́ kan tí a ń kọjá, ó pa ẹ̀rọ kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́ òun.

"Ẹ̀yin mẹ́fà! Ẹ jọ̀wọ́ o, òdìkejì títì ni kí ẹ gbà. Ara mi le, ara ọkọ mi le, ara ẹ̀rọ mi pàápàá le!"

Mo ní, "Ìyá Ẹlẹ́rọ, Olúwa á bù kún yín."

"Àmín. Ọ̀hún yẹn ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́, mo ń gbọ́ yín."

Àwọn tó wá lọ ata bú sẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí wọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́: "Àbí ẹ ò wò wọ́n ni? Wọn kì í jẹ, wọn kì í mu, wọn kì í jókòó. Ta ni ẹ tún mọ̀ tó máa ń wọlé tọ aláìsàn bẹ́ẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, "àwọn tí kì í jókòó" ni orúkọ wa láti Àgùdà dé Mushin. Alàgbà kan wà nínú ìjọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí wọ́n ní kò lè tẹ ilẹ̀. Bí a ṣe gbé orin lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ló gbà, ó fo ògiri. Ìyàwó rẹ̀ jáde sí wa, ó ní bàbá ti rìnrìn-àjò. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń wo sálúbàtà bàbá nílẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. A rẹ́rìn-ín títí a fi dé ìkóríta. Ìyá Ẹgbẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ó jẹ́ àṣà wa pé kí akọ̀wé ìjọ ka orúkọ àwọn aláìsàn ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, kí á lè mọ ibi tí a ó kọrí sí. Ọjọ́ Ìsinmi kan dé, kò sí orúkọ. Èkejì dé, kò sí. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, Àlùfáà ní kí gbogbo ìjọ dìde kí á pàtẹ́wọ́ fún Ọlọ́run tó lé àìsàn jáde láàrin wa. A dìde. A pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí àtẹ́wọ́ náà ṣe ń rọlẹ̀, mò ń gbọ́ ikọ́. Ikọ́ níhìn-ín, ikọ́ lọ́hùn-ún, ikọ́ tí wọ́n fi etí gèlè bò mọ́lẹ̀. Ọ̀kan wà ní ìjókòó iwájú, ó gbẹ, ó kúrú, bí ẹni ń ya aṣọ tó ti gbó. N ò wo ẹni tó ń wú u. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ mọ̀ ọ́n.

Wàyí o, bẹ́ǹṣì kẹrin lápá òsì ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi máa ń jókòó sí. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà nílé ọkọ láìrí ọmọ, gbogbo ọdún wọ̀nyẹn sì ni mo fi ń gbà á níyànjú. Bí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun ẹlòmíì wá síwájú pẹpẹ, màá di ọwọ́ rẹ̀ mú lábẹ́ ìborùn. Màá ní, "Tìrẹ ń bọ̀." Á ní, "Ó ti ń bọ̀ tipẹ́, bóyá ẹsẹ̀ ló fi ń rìn." Ọlọ́run dá a lóhùn lọ́dún yẹn. Ọjọ́ kan láàrin ìwàásù, ó fa ọwọ́ mi, ó fi lé ikùn, nǹkan sì ta pútú lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi.

"O gbọ́ ọ?" ló sọ sí mi létí. "Ọkùnrin ni. Kò ní sùúrù fún ìwàásù."

A fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ètè wa tán kí ẹ̀rín má bọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi àtẹ́wọ́ yẹn, oyún náà ti pé oṣù méje. Bí a ṣe jáde, ó fà mí lọ sábẹ́ igi fúrúùtù, ó sì di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Bá mi jẹ́jẹ̀ẹ́ kan."

"Kí ni?"

"Má kó wọn wá sílé mi. Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀."

"Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀? Ẹnu ẹ!"

"Mo ní ohun yòówù. Ìwọ gan-an, bó bá jẹ́ funfun lo wọ̀, máa bá tìẹ lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi dúró de ọmọ yìí. N ò fẹ́ kí ẹsẹ̀ burúkú kankan ṣe mí."

"Ẹsẹ̀ mi?"

"N ò pè é ní tìẹ." Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò, kò wo ojú mi.

Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ fún un. Ó dùn mí, mo sì jẹ́ ẹ. Èyí tó burú jù ni pé mo ti gbà á gbọ́. Èmi náà ti ń wo ẹsẹ̀ ara mi nígbà tí mo bá ń fọ̀ ọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Mò ń wò ó bí ẹsẹ̀ àlejò.

Yàrá kan ni òun àti ọkọ rẹ̀ gbà ní Àgùdà, nínú ilé tí Ìyá Ẹlẹ́rọ ń lọ ata níwájú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ó máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, kì í sì í dé bọ̀rọ̀. Bí mo bá ru aṣọ láti Surulere, ẹ̀yìnkùlé wọn ni mo máa ń gbà kọjá. Okùn ìsáṣọ wọn wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo rí ṣíìtì ibùsùn rẹ̀ lórí okùn. Mo mọ̀ ọ́n, funfun ni, etí rẹ̀ ní ìlà búlúù, èmi ni mo bá a rà á ní Tẹjúoṣó. Ó sá a dáadáa, ó nà án, ó fi ìháṣọ há igun rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàrin ṣíìtì náà, àmì kan wà, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Mo dúró. Mo mọ àmì yẹn. Omi gbígbóná ló fi fọ̀ ọ́. Bí o bá fi omi gbígbóná fọ ẹ̀jẹ̀, o ti sè é mọ́ aṣọ nìyẹn. Omi tútù àti iyọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń fẹ́. Obìnrin tó lóyún oṣù méje, kí ni ẹ̀jẹ̀ wá ṣe lórí ibùsùn rẹ̀?

Mo lọ sídìí fèrèsé, ẹrù ṣì wà lórí mi.

"Ṣé àlàáfíà ni?"

"A dúpẹ́," ó dáhùn látinú ilé.

"Ara ńkọ́?"

"Ó le bí ògiri. Aṣọ ta lo tún rù bẹ́ẹ̀?"

"Ti tíṣà."

"Máa lọ, kí òjò má pa tíṣà."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ bi í nípa ṣíìtì náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dárúkọ ẹ̀jẹ̀ létí ilé aláboyún, òun kọ́ ni wọ́n máa ní ó pè é wá? Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé ẹnu ẹni kò gbọdọ̀ sọ ibi. Wọ́n ní ṣé dáadáa ni, o ní a dúpẹ́. Kódà bí ilé bá ń jó lẹ́yìn rẹ, a dúpẹ́ ni. Mo gbẹ́sẹ̀, mo lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ṣíìtì náà tún wà níbẹ̀, ìró ìdí rẹ̀ kan sì ti kún un. Kò nà wọ́n dáadáa. Ìháṣọ méjì péré ló wà níbẹ̀. Mo kí i, ó ní a dúpẹ́. Ohùn náà wá láti ìsàlẹ̀, bí ohùn ẹni tó dùbúlẹ̀.

Ọjọ́rú, kò fi ìháṣọ kankan há a. Ó kàn rọ́ ṣíìtì náà lé okùn ni, etí kan ń wọ́ nínú ẹrẹ̀, òjò ti pa á, kò sí ẹni tó ká a. Ọwọ́ tó sá a kò lágbára mọ́. Ojú mi rí i kedere bí ẹni tó mọ̀wé ṣe ń rí lẹ́tà. Mo kí i. Ó pẹ́ kó tó dáhùn.

"A… dúpẹ́."

Mo délé, mo kúnlẹ̀, mo ní kí Ọlọ́run jọ̀ọ́ rán ẹnì kan sí i. Èmi tí mo ti gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta ni mò ń gbàdúrà yẹn.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ wa. Lọ́sàn-án, mo wọ funfun, mo gba Àgùdà. Mo ní màá kàn bojú wo okùn yẹn láti ọ̀nà jíjìn.

Okùn ṣófo.

N ò lè ṣàlàyé bí okùn ṣe lè kó jìnnìjìnnì bá èèyàn. Ó kàn ń mì nínú afẹ́fẹ́ ni. Ìháṣọ kan ṣoṣo wà lórí rẹ̀ bí ẹyẹ.

Mo yí síwájú ilé. Ìyá Ẹlẹ́rọ ń bu ata sínú ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ pọ́n dé ìgúnpá.

"Ìyá Alágbàfọ̀! Ẹ̀yin nìkan lónìí? Àwọn márùn-ún yòókù ti gba ọ̀nà ọ̀run ṣíwájú?"

"Ṣé ẹ rí ọ̀rẹ́ mi láàárọ̀ yìí?"

Ó gbé abọ́ ata sílẹ̀. "N ò rí i. Ọkọ rẹ̀ ni mo rí tó jáde." Ó wá rí ibi tí mo kọrí sí. "Háà! Níbo? Nínú aṣọ yẹn? Aláboyún ló wà níbẹ̀ o!"

Ó fi apá aláta yẹn dínà fún mi. Mo ti í. Ata rẹ̀ yí apá bùbá mi, n ò bojú wẹ̀yìn.

Ilẹ̀kùn kò tì. Aṣọ bo fèrèsé, òkùnkùn díẹ̀ wà nínú yàrá, òórùn ibẹ̀ sì dà bí òórùn irin tó ti rẹ sómi. Ó dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ ti funfun bí ẹ̀kọ. Nígbà tó rí mi, kò bẹ̀rù. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí. Ó kàn wò mí bí ẹni tó ti ń retí mi.

"O ti dé."

"Mo ti dé."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Kò sí àwọn yòókù."

"Irọ́ ni. Wọ́n wà níta." Ó di ojú. "Ẹ kọ ọ́, kó parí."

Mo la ẹnu. Èmi tí orin kì í bọ́ lórí mi, n ò rí ẹyọ kan he. Aṣọ kún orí àga tó wà níbẹ̀. Mo bá jókòó sórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ibùsùn náà tutù. Ó mu aṣọ mi láti ìdí dé itan kí n tó mọ̀.

Ó la ojú. Ó ń wò mí bí ọmọdé ṣe ń wo ewúrẹ́ tó gun igi.

"O jókòó."

"Mo jókòó."

"Ẹ kì í jókòó."

"Mo ti jókòó báyìí. Sọ fún mi. Kí ló ń ṣe ọ́?"

Láti ọjọ́ tí mo ti ń gba àwọn èèyàn níyànjú, ó tó igba ilé tí mo ti wọ̀, kò sí ẹni tó dá mi lóhùn rí bó ṣe dá mi lóhùn yìí. Ó ní, "Kò dáa. Kò dáa rárá. Mò ń ṣàn lọ."

Mo ké sí Ìyá Ẹlẹ́rọ. Ó sáré wọlé pẹ̀lú ìbínú, ó rí ohun tó wà níbẹ̀. Ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, ó gbá ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi mú, mo gbé apá rẹ̀, a gbé e dé etí títì. Tásì àkọ́kọ́ dúró, ó wo aṣọ mi, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Èkejì ni Ìyá Ẹlẹ́rọ dúró síwájú rẹ̀ gbagidi, ó na ọwọ́ ata sí awakọ̀ lójú: "Bó o bá lọ, màá fi èyí bọ̀ ọ́ lójú!" Ó gbé wa.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan ń bi wá léèrè bí wọ́n ṣe ń tì í lọ.

"Ọjọ́ wo ni ẹ̀jẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀?"

Ìyá Ẹlẹ́rọ wò mí. Ọ̀rẹ́ mi di ojú. Mo ní, "Ọjọ́ Ajé."

Ojú tó dì yẹn là. Ó wò mí. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà ọkọ rẹ̀. A dúpẹ́ ló ń sọ fún ìyẹn náà. Ó ń wò mí títí wọ́n fi tì í wọ inú yàrá, tí ilẹ̀kùn fi padé.

"Ọjọ́ Ajé?" ni nọ́ọ̀sì wí. "Ọjọ́bọ̀ kọ́ nìyí? Kí wá lẹ̀ ń dúró dè láti ọjọ́ Ajé, ẹ̀yin ìyá?"

Ọkùnrin ni lóòótọ́. Kò sunkún.

Ìyá rẹ̀ yè é. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí a kò mọ̀ ni wọ́n fà sí i lára, ó sì pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó máa lọ sílé. Mo máa ń gbé ọbẹ̀ lọ fún ọkọ rẹ̀ lẹ́nu géètì. N ò wọlé tọ̀ ọ́. Ọkọ rẹ̀ ní kò tíì béèrè mi.

Mo fi omi tútù àti iyọ̀ fọ aṣọ funfun mi. Ó mọ́, àfi òjìji kan lẹ́yìn, tí ẹni tí kì í ṣe alágbàfọ̀ kò lè rí. Mo wọ̀ ọ́ lọ sí ìpàdé. Ìyá Ẹgbẹ́ rí i.

"Kí ló wà lẹ́yìn aṣọ rẹ?"

"Mo jókòó ni, mà."

"O ṣe kí ni?"

"Mo jókòó sórí ibùsùn rẹ̀. Ká ní mo jókòó lọ́jọ́ Ajé ni, ọmọ yẹn ì bá wà láyé."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí ṣíìtì àkọ́kọ́. Mo sọ ti ìyàwó tíṣà tó nawọ́ sí wa. Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹsẹ̀ wa kọ́ ló ń pa wọ́n. Wọ́n ti ń kú kí a tó dé. A dúró níwájú wọn, a kọrin, a ò bi wọ́n ní nǹkan kan. Àwọn yòókù wá rí i pé a ò wúlò, wọ́n sì ń fi tiwọn pamọ́." N ò bá Ìyá Ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ó dìde láti dá mi lóhùn. Ìbínú wà lójú rẹ̀. Ó la ẹnu, ikọ́ sì gbà á mọ́ ọn lẹ́nu: ó gbẹ, ó kúrú, bí ẹni ń ya aṣọ tó ti gbó. Gbogbo wa wo ilẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe. Èmi gbé ojú sókè. Ó ti fi áńkáṣíìfù nu ẹnu, ó sì yára ká a. Ó yára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ni. Mo ti rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ó rí i pé mo rí i.

"Ìpàdé parí," ló wí.

Ọjọ́ Ìsinmi tí ọ̀rẹ́ mi kọ́kọ́ padà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti kúrò lórí bẹ́ǹṣì wa, mo lọ dúró sẹ́yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó wọlé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, aṣọ ti tóbi jù ú. Àwọn èèyàn ń sọ fún un pé, "Ẹ kú ìjọ́ mẹ́ta. Ṣé dáadáa ni?"

"Kò dáa," ló ń dá wọn lóhùn. "Kò dáa."

Mo rí bí wọ́n ṣe ń fà sẹ́yìn, ọwọ́ láyà. Kò bìkítà. Ó lọ sí bẹ́ǹṣì kẹrin, kò jókòó sí ibi tirẹ̀, ibi tèmi ló dúró sí, ó sì yíjú padà, ó ń wá mi láàrin èrò. Ó fi orí pè mí. Mo lọ bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, a kọ orin àkọ́kọ́ láìwo ara wa.

Kí a tó jókòó, akọ̀wé ìjọ bọ́ síwájú pẹ̀lú bébà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, orúkọ kan wà níbẹ̀. Ẹyọ kan. Orúkọ Ìyá Ẹgbẹ́ ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì mú un wá. Mò ń gbọ́ ìró fáànù lókè. Ìyá Ẹgbẹ́ wà níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ gún, kò yíjú sí ẹnikẹ́ni.

Àlùfáà ní kí a jókòó. Gbogbo èèyàn jókòó. Èmi kò lè jókòó.

"Ọjọ́ Ajé," ni ọ̀rẹ́ mi wí jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ níwájú. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́rú."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ò ń rí i."

"Mò ń rí i."

"Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ bó ṣe ń lọ. Màá sọ pé a dúpẹ́, màá wá máa tẹ́tí bóyá o máa padà."

Títí dòní, mo ṣì ń wá èsì ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn ará ẹ̀yìn ti ń wò mí pé kí ló dé tí mo ṣì dúró. Ó fi ọwọ́ gbá bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì, pẹ́pẹ́.

"Jókòó. N ò ní mo ti gbàgbé o. Jókòó. Bí a bá jáde níhìn-ín, ilé Ìyá Ẹgbẹ́ là ń lọ, ìwọ lo máa gbé àga fún mi."

Mo jókòó. Níwájú, ikọ́ yẹn tún bẹ̀rẹ̀, Ìyá Ẹgbẹ́ kò sì fi gèlè bò ó mọ́.